Àgbájọ Ọwọ́ Nínú Ìṣirò Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà fi yé wa pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó ṣeé pín.

Ní ọdún 1978, Dan Bricklin, akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard Business School ní Amẹ́ríkà, ń ronú sí ìnira àtimáa pa ìṣirò rẹ́ lójú pátákó, kí a sì tún un kọ, nígbàkúùgbà tí iye kan bá yí padà. Òun àti Bob Frankston ni wọ́n ṣe VisiCalc, tí ó dé ọjà ní ọdún 1979. Àpótí kéékèèké ni ojú ewé rẹ̀ pín sí. Bí iye inú ọ̀kan bá yí padà, a ó tún àwọn yòókù ṣírò. Ṣùgbọ́n ní ìlà-ìlà tàbí ní òpó-òpó ni VisiCalc ń ṣírò. Lotus 1-2-3, tí ó jáde ní ọdún 1983, lè to iṣẹ́ náà lọ́nà mìíràn: àpótí tí òmíràn gbára lé ni yóò kọ́kọ́ ṣírò.

Ọpọlọ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì sábà máa ń ní nígbà náà. Àwọn tí ń ṣe é ń mú un yára sí i, títí ooru rẹ̀ fi di ìṣòro. Ní ọdún 2005, Intel àti AMD gbé ọpọlọ méjì sínú ẹ̀yà kan fún kọ̀ǹpútà ilé. Nígbà tí Excel 2007 dé, ọ̀pọ̀ ọpọlọ lè jọ ṣírò ìwé kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi máàkì ìdánwò ṣe àpẹẹrẹ. Àròpọ̀ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan kò dúró de ti ẹnìkejì. Nítorí náà ọpọlọ mẹ́rin lè pín wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá ń fi iye tirẹ̀ kún àròpọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí ẹni iwájú bá parí. Ọpọlọ kan yóò máa ṣiṣẹ́, mẹ́ta yóò máa wòran.

Gene Amdahl ti rí irú ọ̀ràn yìí láti ọdún 1967. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kò bá ṣeé pín, bí ọpọlọ tilẹ̀ pọ̀ bí eṣú, iṣẹ́ náà kò lè yára ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ṣètò èsì ìdánwò, kí a tó náwó sí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti to ìṣirò wa. Bí ọwọ́ ti wulẹ̀ kí ó pọ̀ tó, ètò ni yóò jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe.