Gheorghe Hagi: Ọba tí Kò Gbádé ní Madrid

Bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá ń ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí Gheorghe Hagi ti gbá bọ́ọ̀lù fún, Real Madrid àti Barcelona ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyẹn kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ méjèèjì kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ọkùnrin ará Ròmáníà yìí yóò rí i pé ibi tí orúkọ ti tóbi jù lọ gan-an ni èso iṣẹ́ rẹ̀ ti kéré jù lọ. Ọdún méjì ló lò ní Madrid, ọdún méjì ló lò ní Barcelona, kò sì gba ife líìgì ilẹ̀ Sípéènì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ rí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba, ibòmíràn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1965 ni wọ́n bí i ní abúlé Săcele, ní ẹkùn Constanța, níbi tí ilẹ̀ Ròmáníà ti pàdé Òkun Dúdú. Ẹ̀yà Aromanian ni àwọn òbí rẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan tó fọ́n ká ilẹ̀ Balkan, tí iṣẹ́ darandaran sì jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn. Ẹgbẹ́ Farul ní ìlú Constanța ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1983, ó kó lọ sí Bucharest, olú-ìlú, láti gbá bọ́ọ̀lù fún Sportul Studențesc. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Mircea Lucescu tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Ròmáníà fi í sínú ikọ̀ tó bá Norway figagbága ní Oslo. Ọmọ ọdún 18 ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ọdún 17 gbáko ni yóò fi wọ aṣọ yẹn.

Ní Sportul, agbábọ́ọ̀lù àárín ni, síbẹ̀ òun ló gbá góòlù jù lọ ní líìgì Ròmáníà ní sáà méjì tẹ̀ léra: góòlù 20 ní sáà tó parí ní 1985, àti 31 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ló mú kí ojú àwọn alágbára wọ̀ ọ́.

Lábẹ́ ìjọba Nicolae Ceaușescu, bọ́ọ̀lù gbígbá kì í ṣe òwò aládàáni. Àwọn ọmọ ogun ló ni Steaua. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń darí ọlọ́pàá ló ni Dinamo, orogún rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Valentin, ọmọ Ceaușescu fúnra rẹ̀, ló ń ṣe alátìlẹyìn Steaua. Ní 1986, Steaua fi pẹnáritì na Barcelona ní Seville, wọ́n sì gba ife tó ga jù lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù. Èyí fún wọn ní àǹfààní láti bá Dynamo Kyiv díje fún Super Cup ní Monaco ní oṣù kejì ọdún 1987. Wọ́n bá yá Hagi lọ́wọ́ Sportul, fún ìdíje ọjọ́ kan péré. Fìríkíìkì rẹ̀ ló wọlé, góòlù kan ṣoṣo tó gba ife náà fún Steaua. Yorùbá a máa sọ pé aṣọ àyálò kì í yẹ ni, ṣùgbọ́n èyí tí Steaua yá yẹ wọ́n débi pé wọn kò dá a padà mọ́. Kò sí ẹni tí Sportul lè fẹjọ́ sùn.

Ní Steaua, Hagi gbá góòlù 76 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 97. Iye yìí pọ̀ jọjọ, àmọ́ kò yẹ kí a gbé gbogbo ara lé e. Líìgì tí ọmọ Ààrẹ bá ti ń ti ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn, kì í rọrùn fún rẹfirí láti fọn fèrè lòdì sí ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rí tó dára jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi, níbi tí kò sí ẹni tó bẹ̀rù ilé Ceaușescu. Ní 1988, Steaua wọ ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù. Ní 1989, wọ́n dé àṣekágbá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé AC Milan fi góòlù mẹ́rin sí òdo lù wọ́n bolẹ̀.

Ohun tí kò ṣeé ṣe fún Hagi ni láti lọ sí ibi tó wù ú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Steaua, Miodrag Belodedici, sá lọ sí Yugoslavia ní 1988. Ilé-ẹjọ́ Ròmáníà pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Hagi kò sá. Ó dúró títí di oṣù kejìlá ọdún 1989, nígbà tí àwọn ará ìlú dìde, tí ìjọba náà wó, tí wọ́n sì yìnbọn pa Ceaușescu àti ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì. Lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 1990 ní Ítálì, níbi tí Kamẹrúùnù ti fi góòlù méjì Roger Milla na Ròmáníà, kí Ireland tó wá fi pẹnáritì lé wọn lọ sílé, Hagi wọ Madrid. Ó ti pé ọmọ ọdún 25.

Àwọn kan sọ pé ó kùnà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Góòlù 16 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 64 kì í ṣe ìtìjú fún agbábọ́ọ̀lù àárín, ọ̀kan nínú wọn sì wà, èyí tó gbá sí Osasuna láti ọ̀nà jíjìn réré, tí àwọn àgbà Madrid ṣì ń sọ títí dòní. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́rin ni Real Madrid lò láàárín ọdún méjì yẹn: Toshack, Di Stéfano, Antić àti Beenhakker. Irú agbábọ́ọ̀lù tí Hagi jẹ́ nílò ikọ̀ tó gbà pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ó tó lọ síbikíbi. Kì í sáré padà gba bọ́ọ̀lù, kì í fẹ́ kí wọ́n ti òun sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ẹgbẹ́ tó kún fún ọ̀gá kò ní àyè fún ọ̀gá tuntun tó ní àbùdá bẹ́ẹ̀.

Ní 1992, ó gba Brescia ní Ítálì lọ, níbi tí Lucescu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ti ń kó àwọn ọmọ Ròmáníà jọ. Lẹ́yìn sáà kan, Brescia já sí ìpele kejì líìgì Ítálì. Ẹlòmíràn ì bá wá ẹgbẹ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀. Hagi bá wọn já sísàlẹ̀, ó sì bá wọn gun òkè padà ní 1994. Inú ìpele kejì yìí ló wà ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, nígbà tí Ròmáníà lọ sí Cardiff láti bá Wales jà fún àǹfààní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Hagi ló gba góòlù àkọ́kọ́ wọlé. Nígbà tó di ọ̀kan-sí-ọ̀kan, Wales gba pẹnáritì, bọ́ọ̀lù náà sì kọ lu òpó òkè. Lẹ́yìn èyí ni Florin Răducioiu fi góòlù kejì parí ọ̀rọ̀. Bí pẹnáritì yẹn bá wọlé ni, ó ṣeé ṣe kí ayé má rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù méje lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ní pápá Rose Bowl, Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California. Kòlóńbíà ni alátakò, ikọ̀ tí Pelé ti fọwọ́ sọ̀yà fún, tó sì ti fi góòlù márùn-ún sí òdo na Ajẹntínà ní Buenos Aires ní ọdún tó ṣáájú. Hagi fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Răducioiu, ó wọlé. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 34, Hagi gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ó jìnnà sí ilé débi pé kò sẹ́ni tó rò pé yóò gbá a síbẹ̀. Aṣọ́lé Óscar Córdoba ti rìn síwájú díẹ̀. Hagi fi ẹsẹ̀ òsì gbé bọ́ọ̀lù náà sókè. Ó fò kọjá orí Córdoba, ó sì balẹ̀ sínú àwọ̀n. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń jiyàn pé ṣe ni ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn tó ti rí góòlù rẹ̀ sí Osasuna kò bá wọn jiyàn. Góòlù mẹ́ta sí ọ̀kan ni ọjọ́ náà parí sí, Hagi náà ló sì fi bọ́ọ̀lù ẹ̀kẹta ránṣẹ́.

Swítsàlándì fi mẹ́rin sí ọ̀kan dá wọn lẹ́kun lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi góòlù kan ṣoṣo na Amẹ́ríkà tó gbàlejò. Ọ̀dọ̀ ikọ̀ Nàìjíríà ni okùn ìtàn náà wá gbà kọjá. Nínú ìsọ̀rí tí Nàìjíríà wà, Super Eagles, Bulgaria àti Ajẹntínà ní àmì mẹ́fà mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà ló lé téńté. Ajẹntínà ṣe ẹ̀kẹta, èyí ló sì gbé wọn ko Ròmáníà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Ajẹntínà fi méjì sí ọ̀kan na Nàìjíríà ni Diego Maradona gbá kẹ́yìn fún ilẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn rẹ̀ fi oògùn tí òfin kọ̀ hàn lára rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò. Hagi, tí wọ́n ti ń pè ní Maradona àwọn òkè Carpathia láti ọjọ́ pípẹ́, wá bá Ajẹntínà pàdé ní ọjọ́ 3, oṣù keje, láìsí Maradona gidi lórí pápá.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ yẹn wà lára èyí tó dùn jù nínú gbogbo ìdíje náà. Nítorí pé wọ́n ti fòfin de Răducioiu, akọ́nimọ̀ọ́gbá Anghel Iordănescu fi Ilie Dumitrescu síwájú. Dumitrescu gba góòlù méjì wọlé kí ìṣẹ́jú 20 tó pé. Hagi ló gbé ẹ̀kejì fún un. Ní abala kejì, àwọn méjèèjì sáré jáde láti ẹ̀yìn, Dumitrescu dúró, ó wò, ó gbé bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún, Hagi sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí kì í sábà lò, gbá a wọlé. Mẹ́ta sí méjì. Ajẹntínà ń lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Stanford, Ròmáníà ti ń fi méjì sí ọ̀kan lu Swídìn nínú àfikún àsìkò, wọ́n sì ti lé agbábọ́ọ̀lù Swídìn kan jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù tí Kennet Andersson fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Hagi gbá pẹnáritì tirẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n aṣọ́lé Thomas Ravelli mú ti Dan Petrescu, ó sì mú èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó gbá èyí tó kẹ́yìn yẹn ni Belodedici, ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ti pè ní ọ̀dàlẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ròmáníà kò tíì débẹ̀ rí, wọn kò sì tíì débẹ̀ mọ́. Nínú ìdìbò Ballon d'Or ọdún yẹn, òun àti Tomas Brolin ti Swídìn jọ wà ní ipò kẹrin. Inú ìpele kejì líìgì Ítálì ni Hagi ti wá síbẹ̀.

Barcelona rà á lẹ́yìn èyí. Agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè mẹ́ta péré ni òfin gbà láàyè lórí pápá nígbà náà, Stoichkov, Romário àti Koeman sì ti wà nílẹ̀. Ìfarapa náà dá kún un. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ.

Nígbà tó kó lọ sí Galatasaray ní Istanbul ní 1996, ó ti lé ní ọmọ ọdún 31, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé owó ìfẹ̀yìntì ló lọ gbà. Góòlù 59 ló gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 132. Galatasaray gba líìgì Tọ́kì nígbà mẹ́rin léraléra, wọ́n sì bá Arsenal pàdé ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ UEFA ní Copenhagen, ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 2000. Nwankwo Kanu, ọmọ Nàìjíríà, wọlé fún Arsenal ní abala kejì. Òdo sí òdo ni wọ́n wà nígbà tí Hagi bá Tony Adams fa wàhálà ní ìbẹ̀rẹ̀ àfikún àsìkò, rẹfirí sì nà káàdì pupa sí i. Àwọn mẹ́wàá tó kù fara dà á dé pẹnáritì. Gheorghe Popescu, tí òun àti Hagi fẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ló gbá èyí tó parí rẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ Tọ́kì kankan tó ti gba ife Yúróòpù rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ní oṣù kẹjọ, Galatasaray gba Super Cup pẹ̀lú; Real Madrid ni wọ́n nà.

Káàdì pupa yẹn kọ́ ni ìkẹyìn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n tún lé e jáde nígbà tí Ítálì na Ròmáníà ní Brussels. Bí ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe parí nínú ìdíje ńlá nìyẹn, pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 124 àti góòlù 35. Ìbínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹ̀bùn rẹ̀; àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló san gbèsè rẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò tètè rí ojú ire. Wọ́n fún un ní ikọ̀ Ròmáníà ní 2001, Slovenia sì dí ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé mọ́ wọn ní ọdún kan náà. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló ṣàjèjì. Ní 2009, ó fi owó ara rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ Viitorul sílẹ̀ ní ẹkùn Constanța tí wọ́n bí i sí. Orúkọ náà túmọ̀ sí "ọjọ́ iwájú". Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kó wọ pápá, wọ́n sì gba líìgì Ròmáníà ní 2017. Ní 2021, ó da Viitorul pọ̀ mọ́ Farul, ẹgbẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, Farul náà sì gba líìgì ní 2023.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2024, Ròmáníà bá Slovakia figagbága ní Frankfurt nínú ìdíje Yúróòpù. Slovakia ló kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé. Ṣáájú ìsinmi, wọ́n gbé Ianis Hagi, ọmọ Gheorghe, ṣubú, rẹfirí sì fún Ròmáníà ní pẹnáritì. Răzvan Marin, òun náà ọmọ Viitorul, gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó sì gbá a wọlé. Ọ̀kan-sí-ọ̀kan yẹn ló gbé Ròmáníà dé òkè ìsọ̀rí wọn.