Oyè Wo Ni A Fi Dá Nọ́ọ̀sì Lọ́lá?



Ẹni tí ó bá ń gbé Peckham mọ Queen's Road. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá láì gbé ojú sókè wo ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 164, níbi tí wọ́n lẹ àmì búlúù kan mọ́ ara ògiri nítorí Dókítà Harold Moody. Moody kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ ìtàn àwọn nọ́ọ̀sì wa ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Jàmáíkà ni. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1904 láti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní King's College. Ó gba ẹ̀bùn níbẹ̀, ó sì yege. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá iṣẹ́ sí King's College Hospital, wọn kò gbà á. Métírọ́ọ̀nù, èyíinì ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ni ó fárígá pé òun kò ní gba dókítà aláwọ̀ dúdú láàyè. Bẹ́ẹ̀ ni Moody ṣe wá dá ibi ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Peckham ní 1913. Ọdún náà gan-an ni ó gbé Olive Tranter níyàwó, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin yìí. Nọ́ọ̀sì kan ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, nọ́ọ̀sì mìíràn sì bá a kọ́lé.

Ní 1931 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples sílẹ̀. Lára iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà dáwọ́ lé ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin dúdú tí wọ́n fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí àwọn ilé ìwòsàn ń dá padà. Àwíjàre tí wọ́n sábà máa ń rò ni pé àwọn aláìsàn kò ní fẹ́ kí ọwọ́ dúdú kan àwọn. Dókítà tí métírọ́ọ̀nù lé lọ ni ó wá di ẹni tí ń kọ lẹ́tà kiri nítorí ọmọ tí ń fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Kò bínú sí iṣẹ́ náà nítorí ẹnì kan, èyí sì wú mi lórí ju àmì búlúù lọ.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni ọmọ tiwa kan wọlé. Ọmọ-ọba Adénrelé Adémọ́lá ni, ọmọ Aláké Abẹ́òkúta, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá. Ó dé Ìlú Ọba ní 1935. Nígbà tí ọdún 1938 bẹ̀rẹ̀, ó ti wà ní Guy's Hospital, lẹ́bàá London Bridge, tí ó ń kọ́ iṣẹ́. Ó yege ní 1941, nígbà tí ogun ń jà. Ọ̀ràn náà dùn mọ́ ìjọba amúnisìn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí Colonial Film Unit fi ya sinimá kan nípa rẹ̀, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Nurse Ademola, kí àwọn ènìyàn ilé lè rí i. A kò rí ẹ̀dà sinimá náà mọ́ títí di òní. Àwòrán díẹ̀ ni ó kù. Mo gbà pé jíjẹ́ ọmọ ọba ràn án lọ́wọ́. Èmi kò rò pé ìlẹ̀kùn ì bá tètè ṣí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ aláró kan ní Ìtòkú. Ṣùgbọ́n jíjẹ́ ọmọ ọba kọ́ ni ó bá a ṣe ìdánwò.

Ẹni kejì ni gbogbo ayé mọ̀ jù: Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Wọ́n bí i ní Èkó ní 1915, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ọkọ rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, òun náà sì tẹ̀ lé e. (Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà rí i.) Ní 1946 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas' Hospital, lódìkejì odò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kà á sí nọ́ọ̀sì dúdú àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ náà. Aláìsàn kan kọ̀ pé òun kò fẹ́ kí ó tọ́jú òun. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú yóò tún dùn sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ láti gbọ́ pé ó rí àyè ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ó jẹ́ igbákejì ààrẹ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925.

Ó padà sílé ní 1954. Ẹni tí St Thomas' kọ́ ní àkọ́yanjú, ilẹ̀ baba rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe sísítà, nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ya ipò náà sọ́tọ̀ fún. Kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ métírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì jẹ́ Kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1973 ni ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa káríayé fún un ní Àmì Ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ní 1979 ni Royal College of Nursing ní ilẹ̀ yìí fi oyè dá a lọ́lá. Ó kú ní 1992. Justus Akinsanya, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà níhìn-ín, ti kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ní 1987.

Oyè wọ̀nyí tọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè èwo ni ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Lójú tèmi, kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ tí ó gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ ni: SRN. Láìsí lẹ́tà mẹ́ta yẹn, kò lè di sísítà, kò lè di métírọ́ọ̀nù, kò sì sí ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ kankan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ìyá wa. Láti 1943 ni òfin ilẹ̀ yìí ti pín nọ́ọ̀sì sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan jẹ́ ọdún mẹ́ta, ó sì ń sọ ènìyàn di SRN. Èkejì jẹ́ ọdún méjì, ó ń sọ ènìyàn di SEN: wọ́n á tọ́jú aláìsàn, wọ́n á ṣe iṣẹ́ òru, ṣùgbọ́n ipò kò jìnnà níwájú wọn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Aláìsàn tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950 títí dé 1970, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti erékùṣù Karíbíánì ni wọ́n darí sí ọ̀nà ọdún méjì yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì là á yé wọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé ni púpọ̀ nínú wọn tó gbọ́ pé ìwé ẹ̀rí SEN kò níyì ní ilé. Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá gbé aláìsàn sókè, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú òkú dé, wá dà bí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́.

Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n gbà á? Ẹ rántí bí ìyá Pratt ṣe tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pọ̀ wọn rí. Ọkọ ń ka ìwé òfin tàbí ti ìṣirò owó, ìyàwó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Owó òru ìyàwó ni a fi ń san owó ilé àti owó ìwé ọkọ. Ọdún méjì yá ju mẹ́ta lọ fún ẹni tí ó ní ọmọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Wọ́n máa ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ, nígbà mìíràn ní Kent tàbí Sussex, níbi tí òbí ti lè rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn lọ́yà àti akáúǹtáǹtì tí a fi ń yangàn nínú ìtàn òmìnira wa, ẹ béèrè ohun tí ìyàwó wọn ń ṣe ní aago mẹ́ta òru. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Wọ́n ti pa ẹ̀kọ́ SEN rẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ipò àti orúkọ kò parí. Ní Amẹ́ríkà ní 1965 ni Loretta Ford, nọ́ọ̀sì, àti Henry Silver, dókítà, bẹ̀rẹ̀ síí kọ́ nọ́ọ̀sì ní Colorado kí ó lè máa yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Eugene Stead ní yunifásítì Duke bẹ̀rẹ̀ síí kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà, àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìlera nínú ológun ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ọ̀nà ti nọ́ọ̀sì yìí dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980. Barbara Stilwell wà lára àwọn tí wọ́n là á ní Birmingham. Láti 2006, nọ́ọ̀sì tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ kún ẹ̀kọ́ lè kọ oògùn fún aláìsàn lórí àṣẹ ara rẹ̀. Ti olùrànlọ́wọ́ dókítà ṣì ń fa awuyewuye: oṣù Kejìlá 2024 ni ìgbìmọ̀ GMC tó bẹ̀rẹ̀ síí fi orúkọ wọn sínú ìwé, nígbà tí ó sì di oṣù Keje 2025 ìwádìí tí Gillian Leng ṣe fún ìjọba ní kí wọ́n yí orúkọ wọn padà kí ó má baà dàrú mọ́ ti dókítà lójú aláìsàn. Ẹni tí ó bá rántí SRN àti SEN kò ní fi irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rín.

Àwa ni irú nọ́ọ̀sì onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láǹfààní jù. Ẹ wo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹbí wa. Elizabeth Anionwu, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ireland, ni nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ amọ̀ja nípa àrùn yìí ní ilẹ̀ yìí, ní Brent, ní 1979. Síbẹ̀ ní 2021 ìròyìn kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin kan ṣì sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kò mọ̀ nípa àrùn náà tó, àti pé wọn kì í gba aláìsàn gbọ́ nígbà tí ó bá ń ké pé ara ń ro òun. Ọba obìnrin fi Anionwu joyè Dame ní 2017. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jà títí ère Mary Seacole fi dúró nínú ọgbà St Thomas' ní 2016 ni, níbi tí ìyá Pratt ti kọ́ iṣẹ́.

Ère ti wà, àmì búlúù ti wà. Àwọn SEN tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní St Giles' ní Camberwell kí wọ́n tó tì í ní 1983, tàbí ní Dulwich, ni kò sí nínú ìwé. Wọ́n ti darúgbó báyìí. Bí ìyá yín, àǹtí yín, tàbí onílé yín bá wà nínú wọn, ẹ bá wọn jókòó nígbà ìsinmi. Ẹ bi wọ́n léèrè ilé ìwòsàn, wọ́ọ̀dù àti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, bóyá ẹnikẹ́ni là á yé wọn. Báàjì àti fọ́tò wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù nígbà tí wọ́n bá ń kó ilé. Black Cultural Archives ní Brixton àti ilé àkójọ ìwé ìtàn Southwark ni kí ẹ fi lọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa yóò gba ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ìwé kan péré.