Ẹ̀rí Tí Ó Wà Lọ́rùn Ìgò: Ìtàn Èdìdì àti Ìdérí Tí Ń Tú Àṣírí Oníjìbìtì

Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá fẹ́ dáàbò bo igi ìdáná tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tàbí igi obì tí ó so jìngbìnnì níbi tí ojú wọn kò tó, wọn kì í mọ odi yí i ká. Ààlè ni wọ́n ń pa sí i: akísà kan, àjókù ìgbálẹ̀, ṣúkù àgbàdo, tàbí ìkarahun ìgbín tí a so mọ́ ọ̀pá. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo tu ú. Síbẹ̀, bí ọkùnrin alágbára bá rí i, yíyà ni yóò yà fún un. Agbára ààlè kò sí nínú akísà. Ó wà nínú ohun tí akísà náà ń sọ, àti nínú ojú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà.

Mo fi ọ̀rọ̀ ààlè ṣáájú nítorí ohun kékeré kan tí gbogbo wa ń fi ọwọ́ já lójoojúmọ́ láìbi í léèrè ohunkóhun, èyí ni òrùka ike tín-ín-rín tí ó wà lábẹ́ ìdérí ìgò omi, ìgò oògùn àti ìgò òróró. Òun náà kò lágbára. Ẹ̀rí ni a gbé e síbẹ̀ láti máa jẹ́. Ìtàn bí ó ti dé ọrùn ìgò ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, nítorí pé ọ̀ràn ẹ̀mí àwọn ará ilé wa wà nínú rẹ̀.

Èdìdì kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1922, nígbà tí Howard Carter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì tí ó ti wàjà láti ohun tí ó ju 3,000 ọdún lọ, a bá ìkòkò ọtí wáìnì nínú rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi dí ẹnu àwọn ìkòkò náà, wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí i lára nígbà tí ó ṣì tutù. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọtí náà àti orúkọ olórí àwọn tí ó ṣe é sí ara ìkòkò. Ẹnikẹ́ni lè fọ́ amọ̀, ó sì lè po amọ̀ mìíràn. Òǹtẹ̀ ọba ni kò ní lọ́wọ́. Àwọn ará wa tí ń ka Bíbélì yóò rántí pé nígbà tí wọ́n sọ Dáníẹ́lì sínú ihò kìnnìún, òrùka èdìdì ọba àti ti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni wọ́n fi dí òkúta ẹnu ihò náà, kí ọ̀kan má baà lè yí ọ̀ràn padà lẹ́yìn èkejì. Àwọn ará wa Mùsùlùmí pẹ̀lú yóò rántí pé Súrà 83 nínú Àlùkùránì, èyí tí ó bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí, ni ó tún mẹ́nu ba ohun mímu mímọ́ tí a fi èdìdì dì. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdìdì àti ọ̀rọ̀ òtítọ́ nínú òwò ti ń bá ara wọn rìn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìkòkò ni èdìdì àtijọ́ ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ìkòkò tí ó ti ṣófo. Ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì gbà wọlé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 1744, Robert Turlington, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ ọba láti máa ta oògùn kan tí ó pè ní Balsam of Life. Oògùn náà tà gidigidi. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn burúkú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìgò rẹ̀ tí ó ti ṣófo, tí wọ́n ń rọ ìdọ̀tí sí i, tí wọ́n sì ń tà á ní orúkọ rẹ̀. Ní 1754, Turlington figbe ta, ó sì yí ìgò rẹ̀ padà sí èyí tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ onígò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ìgò náà gan-an. Ẹ̀kọ́ tí ó kù fún aráyé ni pé ẹwà ìgò kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí a bá lè lò lẹ́ẹ̀mejì láìyí padà, olè yóò lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún 1892, William Painter, ará Baltimore ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún ìdérí onírin tí ó ní eyín yíká, irú èyí tí ó ṣì wà lẹ́nu ìgò bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò títí di òní. Bí a bá ti fi ìṣígò ṣí i, ara rẹ̀ á tẹ̀, kì í sì í fẹ́ jókòó dáradára mọ́. Nítorí ìdí yìí ni àwọn àgbà fi máa ń sọ fún ọmọ ọlọ́tí pé, "Ṣí i lójú mi."

Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá bá ìgò òfìfo jà. Nígbà tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ ní 1933, wọ́n mọ̀ pé àwọn tí ń pọn ọtí ní ìkọ̀kọ̀ yóò máa wá ìgò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kiri. Nítorí náà, láti 1935 títí di 1964, ọ̀ranyàn ni kí a kọ ọ́ sára ìgò ọtí líle pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tún ìgò náà tà tàbí láti tún un lò. Àwọn oníṣẹ́ ọgbọ́n sì ń wá ìdérí tí yóò ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tí ó ní ọmọ róbótó kan lọ́rùn ìgò: bí a bá dorí ìgò kodò, ọmọ náà á yẹ̀, ọtí á sì jáde, bí a bá nà á ró tí a fẹ́ rọ nǹkan sí i, ọmọ náà á padà dí ọ̀nà. Ìdérí yìí ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìgò ọtí líle lónìí.

Lẹ́yìn èyí ni ìgò ike dé. Ní ọdún 1941, John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ṣe àwárí irú ike kan tí a kọ́kọ́ ń fi ṣe òwú aṣọ. Ní 1973, Nathaniel Wyeth, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún fífi ike náà ṣe ìgò tí ó lè gba ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò láìbẹ́. Ìgò yìí fúyẹ́, kì í fọ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìwà rere rẹ̀ yìí náà ni ó di ewu rẹ̀: ohun tí kì í fọ́ kì í kú, ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣa á nílẹ̀ lè tún un lò.

Òrùka tí mo mẹ́nu bà ni ìdáhùn sí ewu yìí, bí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ike kan náà ni ìdérí àti òrùka abẹ́ rẹ̀. Àwọn afárá ike tín-ín-tìn-tín ni ó so wọ́n pọ̀. Ọrùn ìgò ní ìgbátí kan tí ó yọ síta yíká. Nígbà tí ẹ̀rọ bá lọ́ ìdérí mọ́ ìgò fún ìgbà àkọ́kọ́, òrùka náà á fò kọjá ìgbátí yìí, á sì há sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a bá wá fẹ́ ṣí ìgò, ìdérí á máa gòkè, ṣùgbọ́n òrùka kò lè bá a gòkè. Àwọn afárá náà á já, a ó sì gbọ́ ìró wọn. Láti ìgbà náà, òrùka ti yapa kúrò lára ìdérí rẹ̀. Lẹ́nu ìgò oògùn àti ti òróró, a tún máa ń bá irin fẹ́lẹ́ bí bébà tí a fi iná lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò, èyí tí a kò lè ṣí láìya á.

Ohun tí ó sọ irú èdìdì yìí di dandan nídìí oògùn ni ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Chicago ní oṣù Kẹsàn-án 1982. Ẹnì kan ṣí ìgò oògùn ẹ̀fọ́rí tí a ń pè ní Tylenol, ó fi májèlé sáyánáìdì sínú rẹ̀, ó sì dá a padà sórí àtẹ. Ènìyàn 7 ni ó kú. Ilé iṣẹ́ tí ó ni oògùn náà kó nǹkan bí mílíọ̀nù 31 ìgò padà kúrò ní ọjà, a kò sì tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú wọn nílé ẹjọ́ títí di òní. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èdìdì. Ní 1998, wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú òfin náà padà: dípò kí wọ́n máa pe èdìdì ní ohun tí ń dènà ọwọ́ àjèjì, wọ́n pè é ní ohun tí ń fi hàn pé ọwọ́ àjèjì ti kàn án. Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ẹni tí ń pa ààlè ti wà tipẹ́.

Ní orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà, ọgbẹ́ ayédèrú oògùn kò ṣe àjèjì sí wa. Òfin Ìjọba Ológun 15 ti ọdún 1993 ni ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀. Nígbà tí Dókítà Dora Akunyili di olórí rẹ̀ ní 2001, ó ti mọ ìrora náà nínú ilé ara rẹ̀: àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ kú ní 1988 nípasẹ̀ ayédèrú ínsúlíìnì. Ó gbógun ti àwọn oníjìbìtì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2003. Ọta ìbọn gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó bá ẹ̀mí rẹ̀. Láti 2010 ni NAFDAC ti fi irú èdìdì mìíràn kún ti àtẹ̀yìnwá: nọ́ńbà tí a bò mọ́lẹ̀ lára páálí oògùn kan, tí olùrà yóò họ bí ẹni họ káàdì ìpè, tí yóò sì fi fóònù béèrè bóyá ojúlówó ni.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Èdìdì kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Láàárín 2008 àti 2009, ọmọ tí kò dín ní 84 kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn eyín ọmọdé kan. Nínú ilé iṣẹ́ tí a ti po oògùn náà ni májèlé ti wọ inú rẹ̀, kí ó tó dé inú ìgò. Ohun kan ṣoṣo ni òrùka lè sọ fún wa, pé láti ìgbà tí a ti dé ìgò yìí, a kò tíì ṣí i. Bí a kò bá sì bi ẹlẹ́rìí léèrè, kò sí ẹ̀rí tí yóò jẹ́.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa máa wo ọrùn ìgò kí ó tó sanwó, kí ó máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣí i. Bí ìdérí bá yí wọ́ọ́rọ́ láìsí ìró, tàbí tí òrùka ti já, kí a dá a padà fún ẹni tí ó tà á, ìbáà jẹ́ ẹni tí a mọ̀. Àwọn ìyá wa tí ń rọ òróró, zobo, oyin àti àgbo sínú ìgò tí a ti fọ̀ kò ṣẹ̀, wọn kò ta ọjà wọn ní orúkọ ẹlòmíràn. Ohun tí a bẹ̀ wọ́n ni kí wọ́n bó bébà orúkọ àtijọ́ kúrò lára ìgò. Kí ẹnikẹ́ni má sì rọ karosíìnì tàbí oògùn ìpakoríko sínú ìgò omi, nítorí àwọn ọmọdé.

Ìgò oògùn àti ìgò ọtí líle ni kí a má jẹ́ kí ó fi ilé wa sílẹ̀ ní odindi. Kí a ya bébà ara rẹ̀, kí a gé òrùka rẹ̀, kí a sì tẹ èyí tí ó jẹ́ ike pa. Èyí kò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tí ń ṣa ike kiri fún àwọn tí ń yọ́ ọ, nítorí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, ike tí a tẹ̀ pa kò sì fúyẹ́ ju èyí tí ó nà ró lọ. Ẹni tí yóò bínú ni ẹni tí ó fẹ́ ìgò pẹ̀lú ìdérí àti bébà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tà á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un.