Láti inú àdó dé orí kóòdù: ìtàn ohun tí a ń di oògùn sí

Ìtàn tòní kò jẹ mọ́ ọba, kò sì jẹ mọ́ òṣèlú. Páálí, ìgò àti ọ̀rá tí wọ́n ń di oògùn sí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Kí ló wà lára páálí tó fẹ́ di ìtàn?" Ẹ ṣáà fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìkìrun la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù November 1878, ogun Jálumi jà níbẹ̀: Ìbàdàn ní apá kan; Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìlá àti Ìlọrin ní apá kejì. Àwọn tó ń sá tí wọ́n já lu omi odò Ọ̀tìn ló fún ogun náà lórúkọ. Odò yẹn náà ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ, níbi tí Inísà àti Òkukù wà lónìí. Ẹ̀wù jagunjagun ayé ìgbà yẹn, àdó ló máa ń rọ̀ sára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí àdó rí, akèrègbè kékeré ni, òmíràn kò ju àtàǹpàkò lọ. Oníṣègùn á rọ oògùn sínú rẹ̀, á dí ẹnu rẹ̀ pa kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kò wúwo, kì í jò. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Kò sì nílò orúkọ. Ẹni tó gba oògùn mọ ilé ẹni tó ṣe é, ó mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí oògùn náà bá ṣe ọmọ ẹni léṣe, ẹnu ọ̀nà tí a ó lọ kàn kò ṣòro láti mọ̀. Ojú ẹni tó ṣe oògùn ni òǹtẹ̀ ara rẹ̀.

Rélùwéè wà lára ohun tó yí èyí padà. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ọjà ọ̀nà jíjìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, oògùn òyìnbó inú ìgò náà sì wà lára wọn. Ta ló ṣe é? Ẹnikẹ́ni ò rí i rí. Láti ìgbà náà ni páálí àti ìgò ti ní láti máa ṣe iṣẹ́ ojú: kí wọ́n sọ ẹni tó ṣe oògùn, ìgbà tó ṣe é, àti bóyá ẹnì kan ti ṣí i kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn òyìnbó náà kò tètè gbọ́n sí i tó bí ẹ ṣe rò. Ní ti ìmọ́tótó, wọ́n gbìyànjú: ní 1886, apòògùn ará Faransé kan, Stanislas Limousin, ṣe ìgò kékeré tí wọ́n ń fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń ṣẹ́ lọ́rùn kó tó fa abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an, torí tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró ṣì wà nínú ìgò tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kó tún dé padà, àfi ìgbà tí èèyàn 7 kú ní agbègbè Chicago ní 1982. Ẹnì kan ló fi májèlé cyanide sínú Tylenol lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ tó ni ín kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lọ́jà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdè tó máa hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti tú u. Bébà fẹ́lẹ́ tí ẹ̀ ń ya lẹ́nu ìgò oògùn lónìí, ibẹ̀ ló ti di òfin.

Tiwa ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ló kọ tiwa. Òfin kan ti jáde ní 1988 tó ka ayédèrú oògùn àti kíkiri oògùn nínú ọkọ̀ àti lọ́jà léèwọ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1990, ọmọ 109 kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi. Diethylene glycol ni wọ́n fi pò ó, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tí wọ́n sì rà gẹ́gẹ́ bíi propylene glycol, èyí tí kò léwu. Ní 1993 ni òfin dá NAFDAC sílẹ̀, tí nọ́ńbà NAFDAC sì wá di ohun tí a ń wá lára páálí.

Ẹ ò lè sọ ìtàn yìí kẹ́ ẹ má dárúkọ Dora Akunyili. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, kú ní 1988 lẹ́yìn tí wọ́n fún un ní ayédèrú insulin. Nígbà tí wọ́n fi obìnrin náà ṣe olórí NAFDAC ní 2001, ó gbógun ti àwọn oníṣòwò ayédèrú débi pé ní December 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀, ọta ibọn gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, ó ha á lórí. Orí ló kó o yọ.

Síbẹ̀, ní òpin 2008, ó tún ṣẹlẹ̀. My Pikin, oògùn eyín ọmọdé, pa ọmọ 84. Kì í ṣe ayédèrú o! Ó ní nọ́ńbà NAFDAC, ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ló ṣe é. Kẹ́míkà kan náà tó pa àwọn ti 1990 ló wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ ara ìgò pé pérépéré, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tọpa kẹ́míkà náà wò kó tó dénú ìgò. Ohun tó bí mi nínú jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn: ọdún 18 ló wà láàárín àwọn ikú méjèèjì.

Ní 2010, NAFDAC pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Sproxil, tí Ashifi Gogo, ọmọ Ghana, dá sílẹ̀, gbé ọgbọ́n tuntun jáde. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ páálí bíi ti káàdì tí a fi ń ra owó sí fóònù. Ẹ ha á, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á dá yín lóhùn bóyá ojúlówó ni. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di dandan fún oògùn ibà àti antibiotics. Ẹ wo nǹkan tó ṣe: ó tún fún oògùn lójú, kódà ojú tó ń fèsì.

Àmọ́ ẹ bá mi dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì kan ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù lálẹ́ ọjọ́ tí orí ń fọ́ yín. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń ra odindi páálí. "Ẹ bá mi pò ó" la máa ń wí, òǹtajà á sì mú sísọ́ọ̀sì, á gé hóró méjì níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà tó ń sọ àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, etí kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì. Bébà tí a ń ha wà lára páálí, páálí sì wà lórí pẹpẹ òǹtajà. N kò bú òǹtajà náà, torí owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé oògùn. Ìgò tó bá sì ṣófo, a ń jù ú nù tàbí ká tà á, bẹ́ẹ̀ òfìfo ìgò ojúlówó ni oníṣẹ́ ayédèrú ń wá.

Ní 2021, wọ́n fi àjẹsára kòrónà dán ètò kan wò, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ka kóòdù ara páálí bó ṣe ń kúrò ní ibì kan dé ibòmíràn. Ìlànà yìí ni NAFDAC fẹ́ kó kan àwọn oògùn yòókù. Á wúlò dé ibi tí páálí bá dé. Ohun tó ń délé láti kẹ́míìsì ni hóró mẹ́fà aláwọ̀ mẹ́ta nínú ọ̀rá funfun kékeré, tí wọ́n fi báírò kọ "2 àárọ̀, 2 alẹ́" sí lára.