Kí Ló Dé Tí Ojú Wa Fi Ń Ṣókùnkùn Nínú Fọ́tò?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé yín. Ẹ mú fọ́tò kíláàsì kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń yà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ojú gbogbo wọn ló hàn kedere? Àbí ojú àwọn ọmọ òyìnbó ló hàn, tó jẹ́ pé eyín àti ẹyinjú nìkan ni ẹ rí lára ọmọ dúdú?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì rò pé ọmọ àwọn ló dúdú jù. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá rò ó. Àwa tí à ń pe ẹni tó dú tó ń dán ní adúmáadán, ṣé a máa wá gbà pé àwọ̀ ara wa ló ba fọ́tò jẹ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn bí kámẹ́rà ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ̀bi yìí kì í ṣe ti ojú ẹnikẹ́ni.

Sísá fíìmù sí ìmọ́lẹ̀

Ní ọdún 1839 ni wọ́n fi ọ̀nà tí Louis Daguerre, ará ilẹ̀ Faransé, ń gbà ya fọ́tò han gbogbo ayé ní ìlú Paris. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ní láti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò gbọ́dọ̀ mira. Ìmọ́lẹ̀ ní láti rí àyè ṣiṣẹ́ lára àwo tí àwòrán náà máa hàn sí.

Gbogbo fọ́tò ló rí bẹ́ẹ̀ títí di òní, ìbáà jẹ́ ti fíìmù tàbí ti fóònù: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tó, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa nílé ṣe ń sá iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Bí oòrùn bá mú, kò ní pẹ́ gbẹ. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, wọ́n á sá a pẹ́ sí i. Bí oòrùn ṣe mú tó, àti bí iṣu ṣe pẹ́ nínú oòrùn tó: nǹkan méjì yìí náà ni onífọ́tò ń ṣètò. Ó lè ṣí ihò lẹ́ǹsì gbòòrò tàbí kí ó dín in kù. Ó lè jẹ́ kí ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà pẹ́ ní ṣíṣí, tàbí kí ó tètè pa á dé. Ohun kẹta ni bí fíìmù náà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, èyí tí nọ́ńbà ISO ń sọ fún wa. Fíìmù 200 nílò ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù 100 nílò.

Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, àwòrán á ṣókùnkùn. Bí ó bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á funfun báláú.

Mítà tó gbà pé gbogbo nǹkan rí bí eérú

Fún ọdún púpọ̀, ojú, ìrírí àti tábìlì tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ni àwọn onífọ́tò fi ń mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó yẹ. Ní 1932, ilé iṣẹ́ Weston ní Amẹ́ríkà gbé mítà ìmọ́lẹ̀ kan jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú rẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ á sáré nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kékeré kan á sì yí lọ síbi nọ́ńbà tó yẹ. Ní 1938, Kodak ṣe kámẹ́rà Super Six-20, tí mítà inú rẹ̀ ń ṣètò ihò lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mítà kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara nǹkan ni ó ń wọ̀n, kò sì mọ̀ bóyá aṣọ ni tàbí ènìyàn. Nítorí náà, àwọn tó ṣe é fún un ní èrò kan ṣoṣo: bí a bá pa gbogbo ohun tó wà níwájú kámẹ́rà pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí eérú, tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà.

Ẹ lè dán èyí wò nílé. Ẹ gbé àwo funfun sórí aṣọ funfun, kí ẹ sì fi fóònù yà á kí ó kún ojú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìkòkò dúdú sórí aṣọ dúdú, kí ẹ yà á bákan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé funfun yẹn ti ṣú díẹ̀, dúdú yẹn sì ti ṣì díẹ̀. Mítà ń fa àwọn méjèèjì sún mọ́ àwọ̀ eérú.

Ẹ wá padà sí fọ́tò kíláàsì yẹn. Ògiri funfun, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ojú àwọn ọmọ òyìnbó tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mítà rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù. Ojú ọmọ dúdú, tí kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà, wá bọ́ sínú òkùnkùn. Mítà kò purọ́. Ohun tí wọ́n bi í ni ó dáhùn, ẹnìkan kò sì bi í nípa ojú ọmọ yẹn.

Àwọn kan ti mọ ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Ní nǹkan bí 1940, Ansel Adams àti Fred Archer ní Amẹ́ríkà pín dúdú títí dé funfun sí ìpele 11, láti òdo dé 10. Wọ́n kọ́ onífọ́tò pé òun fúnra rẹ̀ ni kí ó pinnu ìpele tí ojú ènìyàn máa wà. Ní àkókò kan náà, Donald Norwood gba ìwé àṣẹ lórí mítà kan tó ní ọmọrí funfun bí ìdajì bọ́ọ̀lù. Ẹ máa gbé mítà yìí sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà, kí ó lè wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá ẹni náà, kì í ṣe èyí tó ta padà. Oòrùn tó ń ràn sórí ọmọ dúdú náà ló ń ràn sórí ọmọ funfun tó dúró tì í. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kì í ṣe àìmọ̀.

Káàdì Shirley

Nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, àwọn tó ń tẹ fọ́tò nílò ohun tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá àwọ̀ ẹ̀rọ wọn pé. Láti àwọn ọdún 1950, Kodak ń fi káàdì ránṣẹ́ sí wọn. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀. Shirley Page, òṣìṣẹ́ Kodak, ló wà lórí ti àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn ní káàdì Shirley. Bí awọ ara Shirley bá jáde dáadáa, ẹ̀rọ ti pé nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin òyìnbó nìkan ni wọ́n ń lò. Àwọn tó po fíìmù náà pàápàá kò ro ti awọ dúdú mọ́ ọn.

Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Kodak rí sọ fún un pé àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tó mú ẹjọ́ wá. Wọ́n ní fíìmù kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ṣokoléètì tó dú àti èyí tó pupa díẹ̀, tàbí láàárín igi kan àti òmíràn. Nígbà náà ni wọ́n tún fíìmù ṣe. Ẹ ò rí nǹkan! Ṣokoléètì àti àga ti rí alágbàwí kí ojú ọmọ ènìyàn tó rí. Nígbà tí Kodak ń polówó fíìmù Gold, wọ́n ní ó lè ya ẹṣin dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó kí gbogbo ara rẹ̀ sì hàn. Ní àwọn ọdún 1990 ni káàdì tó ní obìnrin mẹ́ta jáde: òyìnbó kan, ará Éṣíà kan, àti obìnrin dúdú kan. Ní 2021, Google kéde pé àwọn tún kámẹ́rà fóònù Pixel 6 ṣe kí awọ dúdú lè hàn bó ṣe rí.

Àwọn tí kò dúró de ẹnikẹ́ni

Gbogbo àsìkò yìí náà ni àwọn ènìyàn dúdú ń ya fọ́tò tó dára. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ ń ya fọ́tò ní gbogbo ibi tó bá dé. Fọ́tò rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti rí lé ní 150. Ó fẹ́ kí ayé rí ojú ọkùnrin dúdú bó ṣe rí, kì í ṣe bí àwọn ayàwòrán ẹlẹ́yà ṣe ń yà á.

Nílé pẹ̀lú, J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Edo tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin ní 1968. Nínú àwọn fọ́tò náà ni ẹ ó ti rí onílé gogoro. Irun dúdú ni, ọrùn dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mítà nìkan ló gbọ́kàn lé, irun yẹn ì bá di òjìji lásán. Ṣùgbọ́n ẹ lè ka ọ̀wọ́ òwú tí wọ́n fi di irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun ni ó wọn ìmọ́lẹ̀ fún.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ ya ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ó má kẹ̀yìn sí i. Ẹ fi ìka kan ojú rẹ̀ lórí fóònù, kí mítà lè mọ̀ pé ojú ni ẹ ń bi òun léèrè. Bí ó bá ṣì ṣókùnkùn, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ bá dé tí ojú ọmọ yín kò hàn, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Kì í ṣe ìjọ̀ngbọ̀n.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò tó fúnra rẹ̀ yà wá, ti bàbá, ìyá tàbí àgbà kan nínú ilé. Kọ gbólóhùn márùn-ún ní èdè Yorùbá: ta ni, níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, kí ni o rí lójú rẹ̀?