Ṣé Iyán àti Epo Pupa Ló Ń Dá Ọkàn Wa Láàmú?

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru bá ṣẹlẹ̀ ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ká jáwọ́ nínú iyán àti epo pupa. Àwọn kejì á ní, "Ẹ gbé ìyẹn sọ́hùn-ún jàre! Uyán làwọn bàbá wa jẹ tí wọ́n fi darúgbó." Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló fo ojú ewé kan nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iyọ̀. Èkìtì jìnnà sí òkun, orí lèèyàn fi ń ru iyọ̀ gòkè wá. Ohun iyebíye ni. Títí dòní ó wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi láti Liverpool ń kó iyọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń kó epo pupa padà lọ fún ọṣẹ àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wọn. Epo tí à ń bú lónìí wà lára ohun tí wọ́n fi ra iyọ̀ nígbà náà. Nínú ọbẹ̀, irú, ata àti ẹja gbígbẹ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ adùn.

Nígbà tí ilé ìwòsàn UCH ṣílẹ̀kùn n'Ìbàdàn lọ́dún 1957, àwọn dókítà rí i pé àrùn ọkàn tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, èyí tí ọ̀rá máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, ṣọ̀wọ́n láàárín tiwa. Ó rọrùn láti gbà pé àrùn olówó ni. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kan náà tún rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ àwọn èèyàn wa jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé e lórí. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn bàbá wa ò ní in. Ta ló wọn tiwọn? Ẹni tó bá ṣubú lójijì, a ní ayé ló ṣe é.

Àwọn míì sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló wà. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1997 já irọ́ yẹn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní erékùṣù Caribbean, àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru níhìn-ín, 26 ní Caribbean, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló wá yí padà ní Èkìtì? Ẹni tó ń jẹ iyán láyé ọjọ́un ti fẹsẹ̀ gun òkè lọ sóko, ó ti kọ ebè, ìyàwó rẹ̀ sì ti gún un fúnra rẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa dé Ìta-Awùrẹ̀, àwo iyán ò sì kéré sí i. Lọ́dún 1961, ilé iṣẹ́ Nestlé bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà. Díẹ̀díẹ̀ ni magí ń gba ipò irú. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹlòmíì á sá fún epo pupa, á wá ju magí mẹ́rin sọ́bẹ̀.

Epo náà ò mọ́ pátápátá o. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tó máa ń dì, ìwọ̀nba ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí "no cholesterol" ara ike òróró má tàn yín: ara ẹran ni cholesterol ti ń wá. Epo pupa gan-an ò ní in.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ìyẹn ò tó kún ṣíbí ìpotíì kan, magí wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í lùlù kó tó wọlé. Ara lè le koko kó ti máa jẹ inú lọ. Ẹ bá wọn jẹ iyán, kẹ́ ẹ bù ú níwọ̀n. Bẹ́ ẹ bá délé lọ́dún, ẹ mú bàbá àti ìyá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ sì na ọwọ́ tiyín náà.