Ìtẹ́ Agbọ́n àti Bébà

Bí agbọ́n bá kọ́ ìtẹ́ kékeré sí abẹ́ òrùlé, àwọn àgbà a dúró di alẹ́ tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Wọn a fi èéfín lé wọn, wọn a sì fi ọ̀pá gígùn já ìtẹ́ náà lulẹ̀. Ọgbọ́n ni, nítorí oró agbọ́n kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ṣùgbọ́n bébà ni ohun tí ọ̀pá já lulẹ̀ yẹn.

Agbọ́n a máa fi ẹnu họ igi òpó tàbí ti fèrèsé, a fi itọ́ pò ó, a sì tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ títí yóò fi gbẹ. Réaumur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàlàyé èyí fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Paris ní ọdún 1719. Ó ní agbọ́n ń kọ́ wa pé a lè ṣe bébà láìlo àkísà, èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù nígbà náà.

Àwọn kan a máa fi ìtàn yìí bú àwọn baba ńlá wa: àwọn náà rí ìtẹ́ agbọ́n, kí ni wọ́n fi ṣe? Èmi kò gbà pé ojú ni kò ríran. Réaumur fúnra rẹ̀ kò fi igi ṣe bébà kankan. Schäffer dán an wò ní Jámánì láti ọdún 1765, ó tilẹ̀ lo ìtẹ́ agbọ́n; síbẹ̀ àkísà ni àwọn oníbébà ń lò lọ. Ọdún 1844, tí ìwé títẹ̀ ti pọ̀ tí àkísà kò sì tó mọ́, ni Keller ní Jámánì àti Fenerty ní Kánádà tó lọ igi di bébà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìdí yẹn ni kò sí lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Orí àwọn babaláwo ni ẹsẹ Ifá ń gbé. Nígbà tí àwọn ààfáà, àti àwọn míṣọ́nnárì lẹ́yìn wọn, mú ìwé kíkọ dé, bébà bá a wá láti ibòmíràn. Èdè wa jẹ́rìí sí i: ọ̀dọ̀ Haúsá ni a ti yá tákàdá, inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni bébà ti wá. Ẹni tí ó ń rí bébà rà kò ní máa lọ igi.

Ṣùgbọ́n àwáwí yẹn kò sí lẹ́nu tiwa mọ́. Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Ìwópin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, síbẹ̀ bébà òkè òkun ni a fi ń tẹ púpọ̀ nínú ìwé Yorùbá. Àwọn baba wa kò nílò ohun tí agbọ́n mọ̀. Àwa nílò rẹ̀, ọ̀pá nìkan ni a sì ń nà sí i.